Ọmọ Tí Mo Kọ́kọ́ Kí Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi tó sọ mí di ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Àdúrà mi ni pé bí o ṣe ń jáde lówùúrọ̀ ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọwọ́ rẹ kò ní já sófo, ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore kò ní sùn lọ lọ́jọ́ tí o bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí o bá bèèrè àwa, a wà. Orúnkún ló ń dùn mí díẹ̀, kò tíì di ohun tí mò ń fi í rojọ́. Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n ní kí n má kọ lẹ́tà gígùn nítorí ojú rẹ níṣẹ́ mìíràn láti ṣe, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ń kọ ọ́.

Fóònù tuntun tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, mo sì ti rán àpò onírun fún un kí òtútù má baà mú un. Ohun kan ló ń yà mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ilé ìjọsìn dé, ó dún, mo gbé e fún tíṣà aládùúgbò wa kó bá mi kà á. Tíṣà ní ó ń kí mi ni, pé mo kú ìrìn, pé mo rìn dáadáa lónìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé mo jáde? Bó bá jẹ́ ìwọ lo ní kó máa ṣọ́ mi, bá mi sọ fún un pé lọ́jọ́ tí n kò bá rìn, orúnkún ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohùn rẹ tí o máa ń fi sínú rẹ̀ náà, mò ń dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí o tó bọ́ sórí òmíràn. Mi ò kọ́ ọ báyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò gan-an ni ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́. O mọ̀ ọ́n, aránṣọ tó rán aṣọ tí o wọ̀ lọ́jọ́ tí o ń lọ. Bó bá tilẹ̀ ń bínú, ohùn rẹ̀ kì í ga ju ti ẹni tó ń kíni lọ, ohun tí gbogbo wa ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìyá wọn kú nígbà tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káfíńtà ló tọ́ ọ dàgbà.

Mo lọ gba aṣọ mi kí ọdún tó kọjá tó parí, mo bá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní títì lọ́sàn-án gangan. Mo kan ilẹ̀kùn títí ó fi ṣí i. Ojú rẹ̀ ti wú. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí. Mo ní kò sí kì í wú ojú èèyàn. Ó wá jókòó sí ẹ̀yìn maṣíìnì rẹ̀, ó ní òun lóyún. Awakọ̀ tó máa ń kó pákó wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín. Jẹ́jẹ́ rò pé àfẹ́sọ́nà òun ni, àṣé ó níyàwó lọ́nà jíjìn. Nígbà tó sọ fún un, awakọ̀ náà kò jà, kò sì sẹ́. Ó kàn kó owó lé e lọ́wọ́, ó júwe ilé kan fún un níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn ṣẹ́ ẹ, ó ní kó yára lọ kí ikùn tó yọ. Jẹ́jẹ́ ní ọjọ́ kejì lòun fẹ́ lọ.

Ọmọ mi, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ bí àwọn tó kàwé. Mo kàn rí i pé ara rẹ̀ kò dá, ó ń bì, òòyì sì ń kọ́ ọ. Mo ní ká kọ́kọ́ dé ọsibítù ná kí wọ́n wo ara rẹ̀, pé bó ti wù kó rí, aláìsàn kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan rìn. Ó gbà.

Wọ́n mú wa wọ yàrá kan tí wọ́n ti paná. Mo rò pé àdúrà la fẹ́ gbà, mo dijú. Nọ́ọ̀sì ní kí n lajú mi. Ó fi ìpara tútù kan pa Jẹ́jẹ́ níkùn, mo ní kó bá mi fi díẹ̀ sí orúnkún, ó ní ti orúnkún kọ́. Ó wá gbé nǹkan kan tó dà bí ìdí ife lé e níkùn, tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbẹ́ ògiri sì tàn. Mo ti ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Nọ́ọ̀sì nawọ́, ó ní orí nìyẹn, ẹ̀yìn nìyẹn, ọwọ́ nìyẹn. Mo sún mọ́ ọn. Ọmọ kékeré kan ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, kò tó ìka mi ní gígùn, ó sì gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó rí mi. N kò lè jẹ́ kí ọmọ kí mi kí n má dáhùn. Mo ní, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa, ṣé o sùn dáadáa? Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ọmọ náà jìnnà, kí wọ́n bá mi fi aṣọ bò ó nítorí ó wà níhòòhò. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, ó ní, Màmá, kò jìnnà, inú obìnrin tó dùbúlẹ̀ níwájú yín yìí ni.

Mo ti bímọ, mo ti gbẹ̀bí, ẹnikẹ́ni kò fi irú rẹ̀ hàn mí rí. Nọ́ọ̀sì tẹ nǹkan kan, ohùn kan sì kún inú yàrá, ó ń sáré kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ maṣíìnì ìránṣọ lójú méjèèjì. Jẹ́jẹ́ tó ti kọjú sí ògiri láti ìgbà tí a wọlé wá yíjú padà. Ó ní kí ló ń dún yẹn. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn ọmọ ni. Kò wàásù fún un, kò sì bá a wí. Ó kàn jẹ́ kó gbọ́ ọ títí ó fi tó o.

Lójú ọ̀nà, Jẹ́jẹ́ bi mí pé kí ni mo rò. Mo sọ èyí tí mo mọ̀ fún un, pé Ọlọ́run kì í dúró di ọjọ́ ìbí kó tó mọ ẹni, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń hun ọmọ nínú òkùnkùn níbi tí ojú èèyàn kò dé, àti pé èmi kò rí ibi tí mo ti gba àṣẹ láti já okùn tí mi ò ta. Ó ní, Màmá, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí n má já okùn, ṣé yóò bá mi di orí rẹ̀ kan mú? Bí oníbàárà bá sá, bí ẹ̀gbọ́n mi bá lé mi, ta ni yóò bá mi gbé e? Ìbéèrè gidi ni.

Mo gbé e lọ bá Ìyá Ìjọ, ìyàwó pásítọ̀ wa. O mọ̀ pé wọn kì í rẹ́rìn-ín lásán, èmi gan-an máa ń tún gèlè mi ṣe kí n tó wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní kí n pe Jẹ́jẹ́ wá. Jẹ́jẹ́ ní òun kò ní fara pamọ́, kí wọ́n sọ ọ́ nípàdé àwọn obìnrin. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ariwo ta. Olórí akọrin ló kọ́kọ́ dìde, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin kíákíá, kí àwọn ọmọdé má baà fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Ìjọ ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́, àwọn kò pè é ní nǹkan mìíràn, Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọdọọdún la ń wàásù níbí pé ti Ọlọ́run ni ọmọ inú oyún. Wọ́n ní bí ẹnu wa bá sọ ọ́, tí ọwọ́ wa kò sọ ọ́, irọ́ la pa, nítorí ẹnu kì í pọn ọmọ. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ bá Jẹ́jẹ́ gbé e dúró lẹ́yìn ìpàdé, kí ẹni tí kò bá lè gbé e sì bá wọn dákẹ́. Ọmọ mi, àwọn tó dúró pọ̀ ju àwọn tó lọ.

Láti ibẹ̀ ni Ìyá Ìjọ ti lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, èmi tẹ̀lé wọn. Káfíńtà ti gbọ́. Ó ń fá pákó, kò gbójú sókè, ó ní òun kò ní gba oyún ìtìjú sínú ilé òun. Ìyá Ìjọ jókòó lórí pákó. Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo làwọn bá wá: nígbà tí ìyá rẹ kú, tí àwọn ẹbí ní kí wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, ta ló kọ̀? Káfíńtà ń fá pákó lọ. Nígbà tó yá, kò fá a mọ́. Ó ní, èmi ni. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi kọ̀. Ó ní, nítorí ọmọ ìyá mi ni. Ìyá Ìjọ dìde, wọ́n gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára aṣọ wọn, wọ́n ní ó dàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, káfíńtà ti ń gbé maṣíìnì àbúrò rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó má baà máa rìn jìnnà.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ tún kó pákó dé, Jẹ́jẹ́ jáde sí i níṣojú àwọn tó ń já ẹrù. Ó gbé owó náà lé ìjókòó ọkọ̀ bó ṣe fún un, ó ní, iṣẹ́ tí ẹ rán mi, mi ò lè jẹ́ ẹ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ń já pákó ló dúró. Awakọ̀ náà tẹrí ba. A kò rí i mọ́ láti ìgbà náà, ẹlòmíràn ló ń kó pákó báyìí.

N kò ní tàn ọ́ pé ó rọrùn. Oníbàárà sá lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó sunkún lọ́jọ́ púpọ̀, ó sì bi Ọlọ́run ní ìbéèrè tí n kò lè kọ síbí. Àwa obìnrin pín ara wa, ẹnìkan ń fọṣọ, ẹnìkan ń dáná, èmi ń bá a lọ sí ọsibítù nítorí nọ́ọ̀sì ti mọ̀ mí. Ní ọ̀sán kan, olórí akọrin wọlé dé. A rò pé ìjà ló bá wá. Ó gbé aṣọ ọmọ tuntun lé Jẹ́jẹ́ lẹ́sẹ̀, aṣọ náà ti pọ́n nítorí ó ti pẹ́ nínú àpótí. Ó ní kí òun tó wọlé ọkọ, òun náà lóyún kan, wọ́n ní kí òun ṣẹ́ ẹ, òun sì ṣẹ́ ẹ, nítorí kò sí ẹnì kan tó dúró ti òun. Ó ní lẹ́yìn náà lòun ra aṣọ yẹn, òun kò mọ ìdí rẹ̀. Ìyá Ìjọ tí kì í rẹ́rìn-ín dì mọ́ ọn. Wọ́n ní Ọlọ́run tó mọ ọmọ náà mọ ìyá rẹ̀ náà, kò sì sí èyí tó gbàgbé nínú wọn. Olórí akọrin fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ fún ọ, pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ nílùú ńlá lè nílò rẹ̀.

Ọmọ náà kò dúró dọjọ́. Ìrora dé kí oṣù rẹ̀ tó pé, a gbé Jẹ́jẹ́ lọ, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan tó kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n di aṣọ òfìfo ni. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì bí èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń kó búrẹ́dì sí. Mo ní kí wọ́n gbé e jáde, pé èèyàn kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń pàtẹ. Nọ́ọ̀sì ní ooru ló ń gbà níbẹ̀, pé àpótí náà ń ṣe iṣẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ títí yóò fi gbó. Mo bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àpótí.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ń rò ó. Ọmọ yìí, inú ikùn ló yẹ kó wà lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ dókítà ń fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án, wọ́n so orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bó bá mí kanlẹ̀, nọ́ọ̀sì á sáré. Kò sí ẹni tó pè é ní nǹkan lásán. Mo wá ń bi ara mi pé kí ló yí padà lára rẹ̀ láàárín inú àti ìta, yàtọ̀ sí pé a ti rí i? Mi ò rí nǹkan kan.

Káfíńtà dé, ó gbé ojú lé àpótí náà, ó fi ìka wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní ẹni tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Dókítà bi í pé ta ni í ṣe sí ọmọ. Ó ní, ẹni tó máa mú un lọ sílé ni mí. Ó sì mú un lọ sílé nígbà tó tó àkókò, ó gbé e sáyà bí ẹni gbé ẹyin. Jẹ́jẹ́ ti padà sídìí maṣíìnì rẹ̀ báyìí, àwọn oníbàárà tó sá sì ń yọjú lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ọ̀nà àjò ni wọ́n ti dé.

Mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo aṣọ ọmọ ló tóbi jù ú lọ. Bí ọwọ́ rẹ bá dé e, fi ìwọ̀nba tó bá wà ránṣẹ́ kí a fi ra èyí tó kéré, má sì jẹ́ kó ni ọ́ lára. Owó tí o ní o fi sínú fóònù fún mi lóṣù tó kọjá, tíṣà ní ó ti wọlé, ṣùgbọ́n mo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo gbọ̀n ọ́n, n kò rí nǹkan kan. Fi lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Ìlú tí o wà kò ní gbé ọ mì. Ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni rere ni wọn yóò ti máa rí ọ. Ọlọ́run tó rí ọ nígbà tí èmi tí mo gbé ọ sínú kò tíì rí ọ, òun ni yóò máa rí ọ níbi tí ojú mi kò dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.