Omi Tó Ń Kán Lábẹ́ Mọ́tò Bàbá Rẹ

Zulaikha ọmọ mi, àkọ́bí mi tí àwọn èèyàn ń pè ní àbúrò mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ẹ, mo kí ọ̀gá rẹ tó ń kọ́ ẹ ní iṣẹ́ télọ̀, mo kí gbogbo ará Ìkòròdú tó bá ń ṣe dáadáa sí ẹ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ẹ lọ́wọ́. Ní Òkè-Àgbò níbí ara wa le, Fuad àbúrò rẹ ò sunkún ilé-kéú mọ́, adìẹ wa sì ti pamọ. Abibat tó ń bọ̀ wá ra ọjà ní Ìkòròdú lónìí ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà ni èmi àti bàbá rẹ ń lò, kí ohun tí mo bá sọ sínú tèmi má lọ yọ nínú tiẹ̀.

Oyún yìí ti wọ oṣù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ pé nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Fuad jáde, mi ò gbọdọ̀ bí eléyìí sílé, bó bá ti ń mú mi kí wọ́n máa gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá rẹ ní ta la fẹ́ bẹ̀ nígbà tí mọ́tò wà nílẹ̀. Mọ́tò yẹn gan-an ló ń já mi láyà.

Ohun tó ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní wọ́tà pọ́ǹpù, ló bàjẹ́, omi ń kán sílẹ̀ ṣáá. Bàbá rẹ ra tuntun lọ́wọ́ Ràímì tó ń ta pátì mọ́tò ní gáréèjì, ó ní òun ò ní gbé e fún mẹkáníìkì, òun á pààrọ̀ ẹ̀ fúnra òun. Òyìnbó kan wà nínú fóònù rẹ̀ tó ń tú irú mọ́tò náà. Kò sí ìgbà tí mo kọjá tí ojú òyìnbó yẹn ò sí lára mi, ni mo bá lọ wọ híjáàbù. Bàbá rẹ á tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà á dúró gangan, á la ẹnu sílẹ̀ láìmí, nígbà tó pẹ́ mo ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ pa ẹnu dé. Ó ní kí n lọ jókòó.

Ó tú bẹ́líìtì, ó tú fáànù, èmi ń kó nọ́ọ̀tì sínú abọ́ kí ọ̀kan má bàa sọnù. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun àsárì ó ti de tuntun mọ́ ọn. Ó bu omi sí ráàdíétọ̀, ó sì ṣíná sí mọ́tò, inú ẹ̀ dùn. Èmi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, omi ṣì ń kán, tó, tó. Ó ní nǹkan tuntun ni, ó máa bá ara wọn mu tó bá yá.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìyá Kúbúrá aládùúgbò wa ló sọ fún mi pé nígbà tí ọkọ òun ń wa mọ́tò lọ sí Mamu, ẹ̀kúnwọ́ gàrí ló máa ń dà sínú ráàdíétọ̀ tó bá ń jò, á wú, á dí ihò, ó di ilé. Bí bàbá rẹ ṣe lọ kírun báyìí, mo ṣe Bìsìmílà, mo da ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Mo wá rò ó pé gàrí Ìjẹ̀bú nìyí, omi tútù la fi ń mu ún, kì í wú bíi ti ibòmíràn, ni mo bá da gbogbo èyí tó kù nínú kọ́ńgò sí i. Bí omi ò ṣe kán mọ́ nìyẹn. Mo dúpẹ́, mo sùn. Ohun tí mi ò rò ni pé omi inú mọ́tò máa ń hó.

Lánàá bàbá rẹ gbé e jáde, kò tíì dé Òrù tó fi ń rú èéfín. Okùn ni wọ́n fi fà á wálé. Bó ṣe ń wọ àgbàlá ni òórùn ẹ̀bà gba gbogbo ilé, bàbá rẹ ní ta ló ń ro ẹ̀bà ní irú àsìkò yìí, mo ní ilé Ìyá Kúbúrá ni. Ó wá ní ayédèrú ni Ràímì tà fún òun, ó lọ sí gáréèjì, ó pè é ní olè lójú àwọn oníbàárà ẹ̀. Ràímì ní òjúlówó ni, òun á fi Kùránì búra ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, bàbá rẹ ní òun náà á búra. Zulaikha, mi ò mọ ẹni tí ìbúra yẹn máa mú nínú àwọn méjèèjì, àbí èmi tí mo ni gàrí ni, pẹ̀lú ọmọ tó wà nínú mi. Bó bá ti yí báyìí, àyà mi á já pé ó ti dé nìyẹn, mọ́tò ò sì lè lọ.

Mi ò ní jẹ́ kó di Jímọ̀ọ̀. Lálẹ́ òní, tó bá jẹun tán, màá kúnlẹ̀ tí ikùn bá gbà fún mi, màá sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ìkọ́kọrẹ́ ni màá sè, mi ò jẹ́ gbé ẹ̀bà síwájú ẹ̀.

Tí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, pe bàbá rẹ ní ìrọ̀lẹ́ òní kí n tó sọ fún un, kí i lásán, má dárúkọ gàrí, tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ kì í lè bínú dénú. Sì jọ̀ọ́ wá owó ọkọ̀ díẹ̀ fún mi, tó bá mú mi kí wọ́n tó ṣan ẹ̀bà kúrò nínú tiwa. Má fi gba báǹkì, torí bí owó bá ti wọlé síbẹ̀, fóònù bàbá rẹ ni báǹkì máa ń lọ ṣòfófó sí. Abibat ni kó o fún.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o gbọ́ ìròyìn ayọ̀ mi. Nígbà tó bá kan ìwọ náà, wẹ́rẹ́ ni wà á bí, o ò ní wá mọ́tò kiri. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Àdíját