Ogójì Jókòó, Ogójì Yege

Ọmọ mi àtàtà, tíṣà àwọn tíṣà,

Èmi baba rẹ ni mo ń kọ ọ́, alága gbogbo káfíńtà, ẹni tó bá wúkọ́ nínú ilé tí àwọn tó wà lóko á dìde dúró. Ṣé ara le? Ọlọ́run tó gbé ọ dé yunifásítì kò ní jẹ́ kí àga yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Màmá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ wa ti bí méjì, òrùlé wa kò sì jò mọ́, nítorí òjò kò tíì rọ̀.

Onígbàjámọ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní ìbánisọ̀rọ̀ kò tíì mọ̀rọ̀ sọ kí wọ́n tó dé yunifásítì ni. Mo ní kó panu mọ́, pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ló pọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ kò pọ̀, ìwọ lò ń tún wọn ṣe.

Fọ́ọ̀mù ogójì tó o fi ránṣẹ́ ti dé. O ní ìwádìí rẹ ni, pé bí kò bá padà dé kí oṣù yìí tó parí, o ò ní gboyè dókítà. Mo ní ọmọ tèmi kọ́ ni yóò fìdí rẹmi! Mo kó ogójì èèyàn jọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi wọ́n jókòó sórí pákó, ẹnì kan síhìn-ín, ẹnì kan sọ́hùn-ún, kí wọ́n má bàa jí ìwé ara wọn wò, mo gbẹ́ pẹ́ńsùlù fún wọn, mo sì mú rúlà dání.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní níbo lẹ ti ń gbọ́ ìròyìn. Rédíò ni ìdáhùn, ṣebí òun ni wọ́n kọ sókè pátápátá. Àfi bí ìyá tó ń ránṣọ ṣe lọ máàkì fóònù! Mo ní fóònù wo, èyí tó o fi ń tanná wá abẹ́rẹ́? Onígbàjámọ̀ ní ẹnu àwọn tó ń gẹrun lòun ti ń gbọ́ ọ. Mo ní kó tún un ṣe. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìdáhùn tó tọ̀nà, kò sí èyí tó kùnà. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀tàn àwọn olùdánwò nìyẹn. Wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ. Báwo ni wọ́n á ṣe wá mọ ẹni tó yege? Mo bá gbogbo wọn kọ orúkọ wọn gàdàgbà-gàdàgbà. Ọmọ mi, máa yọ̀! Ogójì jókòó, ogójì yege, ìdáhùn wọn dọ́gba bí ẹsẹ̀ àga.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra bátìrì sí rédíò, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò ti sọ̀rọ̀. Wàá ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ.

Èmi ni, baba rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya ìwé yìí. Èmi àbúrò yín ni, Ayékòótọ́. Látìgbà tí mo ti kọ̀wé sí yín pé ọ̀gá yunifásítì ń bọ̀ wá kí wa, tẹ́ ẹ sì sáré wálé wá bá irọ́, ẹ kì í ka lẹ́tà mi mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ohùn Bàbá wọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lókè yẹn.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo fi írésà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, torúkọ-torúkọ, mo gbé e kiri ilé dé ilé. Wọ́n kọ̀, ẹ̀rù Bàbá ń bà wọ́n. Mo bá ń lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé wọn, mo wúkọ́ bíi Bàbá, mo ní kí kálukú máàkì ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Wéré ni wọ́n ṣe é! Rédíò mẹ́rin, fóònù mẹ́sàn-án, ẹnu èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bàbá fúnra wọn, nígbà tí mo bi wọ́n, wò yíká, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Màámi làwọn ti ń gbọ́ tàwọn.

Gbogbo ogójì ló wà nínú àpò yìí. Dókítà, ẹ kú oríire! Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju owó fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣewọlé lọ. Ìyẹn, èmi fúnra mi ni màá kọ orúkọ mi sí i.