Ta Ló Gbé Ọ̀rọ̀ Mi Fún Alátakò Wa?

Àǹtí wa olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà àròyé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Onídìrí ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń du ipò káńsẹ́lọ̀, èmi ni mo sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ níbi ìpolongo. Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ rò pé irun orí ẹ̀ nìkan ni mò ń dì. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀, torí òun ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọ̀rọ̀ ìyá mi kan sí i: "Ẹni tó ń ru omi ló mọ ibi tí garawa ti ń jò." Àfi bí alátakò wa, ọkùnrin tí kò gbé ife omi fúnra ẹ̀ rí, ṣe kọ́kọ́ gun pèpéle, tó sọ ọ́ láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan! Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní ó jí i. Kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Bóyá èrò yín ló papọ̀." Ọkùnrin tó jẹ́ pé mo máa ń bẹ̀ ẹ́ títí kó tó tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń bi mí báyìí pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ ìpolongo ti Sátidé ò tíì sí nílẹ̀ ni?"

Ara ń fu mí o. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n bi í ni, àbí kí n máa ṣọ́ ọ?

Àǹtí, ẹ rọra kà á o. Èmi pẹ̀lú ọkọ mi la jọ jókòó ti rédíò. Bí ẹ ṣe ń kà á lọ́wọ́ yìí, ojú ẹ̀ ni mò ń wò.