Ìran Tí A Kò Mọ̀ Pé A Ti Wá

Olóòtú wa, mo kí yín láti Vihiga, ní Kenya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí.

Àwọn àgbà ìran wa, Avamavi, ní kí n kọ ìtàn wa. Alága wọn ti ní kí ìtàn tòun gba ojú ewé mẹ́ta. Nígbà tí mo ń wádìí ni àbúrò bàbá mi obìnrin rẹ́rìn-ín sí mi: “Olùkọ́, o ò mọ̀? Ọmọ ìran Avasaali ni bàbá bàbá rẹ. Àlejò ni níbí, àwọn Avamavi kàn fún un nílẹ̀ ni.”

Ọmọkùnrin Avasaali kan sì ni Kageha, ọmọbìnrin mi, máa fẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ìran kan náà kì í fẹ́ra lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ wa.

Lánàá Kageha ní, “Bàbá, ẹ ò tíì kọ orúkọ ọkọ mi sínú ìwé yín?” Mo ní bíró mi ti gbẹ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún: ọmọ mi, àbí àwọn tó ni ilẹ̀?