Orín Ata Yín Nínú Abọ́ Ará Ṣáínà

Weston, Toronto,
Kánádà.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Ìyá mi àgbà, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí títí ẹsẹ̀ mi fi ń wọ́lẹ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé orúnkún kò yọ yín lẹ́nu mọ́? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn dáadáa? Ara tèmi le koko, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fareedah àbúrò mi ni yóò ka ìwé yìí fún yín. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má fo ìlà kankan, pàápàá níbi tí mo bá ti ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ń jí. Aago máa ń dún ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà lórí ilẹ̀ tútù, màá sì rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Hikmat tí a jọ ń gbé, nítorí shift alẹ́ ni ó ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Brampton, kì í tíì pẹ́ tó wọlé. Agolo Mílò tí ẹ kó orín ata sí fún mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Màá mú ọ̀kan, màá fi ọ̀bẹ bẹ orí rẹ̀ níwọ̀n èékánná, màá fi omi gbígbóná rin ín, màá sì fi eyín ọ̀tún rún un títí yóò fi rí bíi búrọ́ọ̀ṣì. Òkè ṣáájú ìsàlẹ̀, iwájú gbẹ̀yìn, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Bí mo bá dé eyín kẹrin, ètè mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ahọ́n mi á ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á kú tì. Màá dúró kí ó padà sípò kí n tó ṣe àlùwàlá. Lọ́jọ́ kan, Hikmat yọ orí lábẹ́ ìbora, ó ní, “Hàlímátù, you enter aeroplane reach Canada, come dey chop firewood.” Mo ní firewood yìí ni kò jẹ́ kí n mọ ọ̀nà ilé dókítà eléyín. Ó ní kí n gé díẹ̀ fún òun. Kí n tó ka ẹ̀ta, ó ti tu ú dànù.

Ohun tí n kò sọ fún yín lórí fóònù ni pé láti oṣù Kẹsàn-án tí mo ti dé, ohùn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí Hikmat, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, “thank you” sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, mo kírun ní mọ́ṣáláṣí, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, mo sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orúkọ mi. Ìyá kan tilẹ̀ wà ní àjà kẹjọ nínú ilé gíga tí à ń gbé yìí, Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n. Àjà kejìlá ni tiwa, nítorí náà a máa ń pàdé nínú lífítì láàárọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọmọbìnrin wọn wí: “Ṣìmí, ṣé gbogbo àjà yìí ni ìyá rẹ ń gbé ni? Gbé ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì.” Ọmọ náà ní, “I only pressed four.” Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n bàtà mi ni mo ń wò. Ìgbà mẹ́fà ni a ti jọ wọ lífítì náà, n kò kí wọn rí. Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú sí èyí, ẹ dákun.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ gbígba àlejò nílùú ni mo wá kọ́, bí a ṣe ń mú wọn káàkiri tí a sì ń fi nǹkan hàn wọ́n. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ wa gbé abọ́ kan wọ kíláàsì, ìwé kéékèèké tí wọ́n ká wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálùkù mú ọ̀kan. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ni yóò fi mú àlejò mẹ́jọ rìn fún wákàtí méjì, tí yóò máa ṣàlàyé. Ẹnì kan mú àwòrán ara ògiri, ẹnì kan mú ẹ̀bá adágún. Tèmi ni oúnjẹ aláta láti oríṣiríṣi ẹkùn Ṣáínà, àti èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Adékànmí, ọmọ Ìbàdàn tí ó jókòó lẹ́yìn mi, rẹ́rìn-ín: “Ó ti bọ́ sí i fún ọ. Ọmọ tí wọ́n fi ata rodo wẹ̀.”

Kò mọ̀ pé ọkàn mi ti já. Oúnjẹ kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù, ojú mẹ́rìndínlógún tí yóò máa wo ẹnu mi ni. Mo lọ bá olùkọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n ní mo lè kọ àròkọ dípò rẹ̀, màá sì yege, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mú àlejò rìn kò ní sí lára àwọn tí wọn yóò gbà síṣẹ́ ní ìgbà ooru. Kí n fún wọn lésì kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí. Ìyá àgbà, nítorí iṣẹ́ ìgbà ooru yẹn ni mo ṣe yan ilé ẹ̀kọ́ yìí. Síbẹ̀, kí n tó délé lọ́jọ́ náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ àròkọ náà lórí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ní kí n tilẹ̀ tọ́ oúnjẹ náà wò, kí àròkọ mi lè dùn. Mo wọ subway lọ sí àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní Spadina. Ilé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú púpọ̀ nínú ọbẹ̀ wọn, nítorí náà ìta ni mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára gíláàsì. Ní òpópónà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tóóró tí wọ́n kọ “halal” sí lára pẹ̀lú Lárúbáwá. Ìyá tó wà nídìí káńtà wé ìborí funfun, ojú wọn sì jẹ́ ti ará Ṣáínà gan-an. Kí n tó ro ohun tí màá sọ, wọ́n ti wo ìborí tèmi, wọ́n ní, “Salaam alaikum.” N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Mùsùlùmí ti wà ní Ṣáínà láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Auntie Ma ni wọ́n ń jẹ́.

Lára ìwé oúnjẹ wọn, wọ́n ya ata láti ẹyọ kan dé ẹyọ márùn-ún, kí èèyàn yan èyí tí agbára rẹ̀ ká. Mo na ìka márùn-ún. Auntie Ma mi orí, wọ́n ní, “You, two.” Mo ní, “I'm Nigerian, ma.” Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, “Everybody is something. Two.” Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìka mi kò wálẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì, ọkọ wọn ń fa ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, ó ń nà án, ó ń ká a sí méjì, ó tún ń nà án, títí ó fi di fọ́nrán tín-ín-rín bí ìndómì. Wọ́n da ọbẹ̀ màlúù pupa lé e lórí, bí wọ́n ṣe ń sè é ní Sichuan, ẹkùn kan ní Ṣáínà.

Ata inú rẹ̀ kò tó tiwa. Mo ti fẹ́ máa yangàn nínú ọkàn mi nígbà tí ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ahọ́n mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní tábìlì kejì ń fi bébà nu ahọ́n tirẹ̀, ó ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá kí àwọn lọ sí ọsibítù. Èmi kò mira. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo dúró bí mo ṣe ń dúró nídìí síńkì, nítorí mo mọ ìgbà tí yóò dé, mo sì mọ ìgbà tí yóò lọ. Orín ata yín ni, Ìyá àgbà. Nínú abọ́ ọbẹ̀, ní Toronto. Omi bọ́ lójú mi. Auntie Ma gbé mílíìkì sóyà wá, wọ́n ní, “I said two.” Mo ní, “It's not the pepper, ma. It's my grandmother.” Wọ́n tún wò mí, wọ́n sì fa àga, wọ́n jókòó.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo fi bébà wé orín kan lọ bá wọn. Auntie Ma gé e jẹ, wọ́n dúró sójú kan, wọ́n wá fi èdè wọn ké sí ọkọ wọn. Ọkọ jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó gé tirẹ̀, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò kan wá láti kíṣìnnì. Èèpo èso pupa kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ó là ní àárín bí ẹnu ọmọ ẹyẹ, kò tóbi ju ọkà bàbà lọ, òun ni ó wà nínú ọbẹ̀ àná. Auntie Ma ní tí eyín bá ń dun àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ìyá àwọn a fi ẹyọ kan há a. Ohun tí ẹ ṣe fún mi gan-an nìyẹn lọ́dún tí eyín mi jẹrà. Mo lọ wò ó nínú ìwé ní láíbírì: ìbátan ni igi tiwọn àti igi ẹ̀yìnkùlé yín. Láti láíbírì náà ni mo ti lọ sọ fún olùkọ́ pé màá mú àlejò rìn. Àròkọ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi, kò kọjá ojú ewé kẹta.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Auntie Ma kọ́ mi ní ata ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní Ṣáínà bí ẹ ṣe kọ́ mi ní kéú. Ti Sichuan ló ń ta tí ó sì ń pa ahọ́n kú. Wọ́n ń fi se wàrà sóyà tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n sì ń fi yí ọ̀dùnkún tí wọ́n gé ní wẹ́rẹwẹ̀rẹ bí eyín ìkookò, òun ni wọ́n ń jẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ti Hunan kò ní ẹ̀tàn, ata lásán ni, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi iyọ̀ sí i títí ó fi kan, wọ́n wá dà á bo orí ẹja. Ti Guizhou ń kan bí omi ògì ọjọ́ kẹta. Ní Xi'an, wọ́n á bu ata gbígbẹ lé ìndómì tó fẹ̀ bí ìgbànú, wọ́n á da òróró gbígbóná lé e, á dún ṣàà. Ti Xinjiang ni ẹran àgùntàn orí igi, bíi sùyà tí wọ́n gbàgbé kúlíkúlí rẹ̀, tí èròjà ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní cumin wá gba ipò rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo há a sórí.

Àná, Sátidé, ni ọjọ́ pé. Àwọn mẹ́jọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Auntie Ma: tọkọtaya kan láti Halifax, obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, àti bàbá àgbà kan tó ní òun ti ń jẹ oúnjẹ Ṣáínà láti ọdún 1968, kí ni mo fẹ́ sọ fún òun. Olùkọ́ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ìlà kìíní tí mo há sórí kọ̀, kò jáde, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá ṣí ìgò èèpo Auntie Ma. Mo fi èèpo kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, èmi náà mú ọ̀kan, mo ní, “Chew. Then wait.”

Láàrin ìṣẹ́jú kan, ariwo ti dákẹ́. Ahọ́n gbogbo wọn ti kú. Ojú mẹ́rìndínlógún ń wò mí, kò sì sí ẹnu tó lè sọ̀rọ̀ àfi tèmi, tí ẹ ti fi orín kọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ará Halifax yọ fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há iṣu sẹ́nu, ó ní ọkọ òun kò mọ ojú rẹ̀ lára mọ́, kí àwọn pe ambulance. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ohun tí èmi ń ṣe láràárọ̀ kí n tó kírun nìyẹn. Mo sọ ìtàn yín fún wọn, mo fi orín hàn wọ́n, lẹ́yìn náà mo mú wọn rìn láti ata dé ata. Nídìí ẹran orí igi, bàbá ọdún 1968 ní kí n tún orúkọ orín náà pè. Wọ́n pè é bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ léyín, ṣùgbọ́n wọ́n pè é.

Nígbà tí àlejò tú ká, olùkọ́ pa ìwé wọn dé. “You went eleven minutes over,” ni wọ́n sọ. Mo ti fẹ́ tọrọ àforíjì. Wọ́n ní, “Next Saturday, twelve people. And I've put you down for summer.” Inú subway àti bọ́ọ̀sì ni mo ti rẹ́rìn-ín dé Weston, èmi nìkan. Ẹ bá mi gé orín mìíràn, ẹ fún Fareedah kó wá ẹni tí yóò bá mi mú un bọ̀. Èyí tó kù kò pọ̀, Auntie Ma sì ti ń béèrè tiwọn.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Kí orúnkún yín gbé yín dé gbogbo ibi tí ọkàn yín bá ń fẹ́. Kí eyín ẹnu yín máa fa ẹran ya títí ẹ ó fi rí ọmọ tí èmi náà yóò pọ̀n. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín, tí ẹ fi orín kọ́ ní sùúrù,

Hàlímátù.

Àfikún: Lọ́la, bí ẹnu mi bá ti padà sípò tí mo sì ti kírun àárọ̀, màá gé orín kan, màá fi bébà tó mọ́ wé e, màá sì wọ lífítì ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìgbà tí ìyá Ṣìmí máa ń mú un lọ sílé ìwé. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí ní àjà kẹjọ, màá kúnlẹ̀, màá ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.” Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí Ṣìmí tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kí ọ̀nà lè gùn díẹ̀.