Àwọn Àkùkọ Dasol Mẹ́fà

Abúlé Bamgol,
Ọjọ́ tí a ká ata tán.

Ìyá Dasol, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Dasol ńkọ́, ṣé ó ń jẹun kánú? Kí ara yín le bí àwọn ìkòkò amọ̀ tí mo tò sẹ́yìnkùlé, kí ẹ má ṣe sán, kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè lọ sí àjà kẹrìndínlógún má ṣe há yín mọ́ àárín méjì. Èmi náà wà, eékún ló ń dùn mí, ó sì ti rẹ̀ mí. Má wulẹ̀ fóònù pé kí n lọ rí dókítà, àkùkọ ló sú mi, dókítà ò ní oògùn rẹ̀.

Ìwọ lo gbé òròmọdìyẹ mẹ́fà wá nínú páálí nígbà tí òtútù lọ. O ní ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin nílé ìwé Dasol ló pa wọ́n, pé àwọn aládùúgbò yín ní Séòlù ò gbà kí wọ́n máa ké lókè ilé, pé kí n bá yín sìn wọ́n, wọ́n á máa yé ẹyin fún mi. Ẹyin! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ya akọ. Ẹ̀rọ ló sàba lé wọn, níbo ni ẹ̀rọ ti fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe obìnrin? Dasol sì ti fi ìka kékeré rẹ̀ kọ́ tèmi pé ọ̀kankan nínú wọn kò ní wọ ìkòkò. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, n kò yẹ àdéhùn rí.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọ̀gbẹ́ni Pyo, tíṣà tó fẹ̀yìn tì tó wá ra ilé ẹ̀yìn wa, wá bá mi pé ìsinmi lòun tìtorí ẹ̀ wá sábúlé. Mo ní kí ló rò pé ó wà lábúlé, òwú? Ó bá lọ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó ń fa ariwo, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ tó ń mọ́ ni. Mo fi èdìdì bàbá rẹ tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ilé yìí ṣì lẹ́ni. Wọ́n ní tí ọdún tuntun ti òṣùpá bá fi máa dé, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ó kù.

Mo wá ń wá ilé fún wọn kiri. Gbogbo ẹni tó wá tọrọ lásìkò ọjọ́ ooru, tí gbogbo ayé ń wá ọbẹ̀ adìyẹ kiri, ni mo lé. Obìnrin kan tiẹ̀ mú aáyù lọ́wọ́ wá, ó ní sínsìn lòun fẹ́ sìn ín. Mo ní ṣé aáyù ló fẹ́ máa fi bọ́ ọ ni.

Ìyàwó olórí abúlé ní òun á bá mi pàtẹ wọn sí ọjà inú fóònù. Mo fi òróró yànmọtí pa ogbe orí wọn kó tó ya fọ́tò. Bó ṣe forúkọ mi sílẹ̀ báyìí, fóònù ní mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀ ni mí. Mo ní kí nìyẹn, ó ní bí èèyàn ṣe ṣe é fọkàn tán tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ìwé kejì ni mo ti kúrò nílé ìwé, Ìyá Dasol, ṣùgbọ́n n kò gba irú máàkì yẹn rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn níbẹ̀rẹ̀. Mo ní kó bá mi bi fóònù náà, ta ló bi léèrè ìwà mi ní Bamgol? Kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti yọ wá lọ́jà, wọ́n ní a kì í pàtẹ ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé aago ni, aago tó ń jí èèyàn, kò lo bátìrì, ọ̀fẹ́ ni. Ṣé irọ́ nìyẹn?

Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hyeon wa mọ́tò dé, ó ní òun wá gba aago. Mo gbé e jáde. Ó wo aago, aago wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé ata tí mo sá. Ó ní ìyá òun ní agbébọ̀ mẹ́wàá nínú oko èso, pé ẹranko ti pa àkùkọ wọn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni fẹ́ fọmọ fọ́kọ, mo ní kó fi ìka kékeré rẹ̀ kọ́ tèmi, ó kọ́ ọ. Ó kó mẹ́ta lọ. Eruku mọ́tò rẹ̀ kó sí mi lójú.

Mo gbé méjì sẹ́yìn nínú agbọ̀n, mo gun òkè lọ sí tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, torí àwọn tibẹ̀ kì í jẹ ẹran. Olórí wọn ní àwọn ò nílò àkùkọ, aago mẹ́ta ìdájí làwọn ti ń jí. Mo ní kò burú, ẹ̀yin ni ẹ ó máa jí wọn nìyẹn. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, n kò dìde. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí Màmá dákun máa lọ, òun ti gbà wọ́n.

Ó wá ku Kongi, èyí tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Inú abà tó ṣókùnkùn ló ń sùn nítorí Pyo, n kì í ṣí i títí di aago mẹ́jọ. Bí mo bá ṣí i, á wò mí bí ẹni tí wọ́n purọ́ fún. Ṣùgbọ́n bó bá kọ tán, ilé á dà bí ilé. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, òun nìkan ló ń dá mi lóhùn.

O wá ní ọkọ rẹ ń bọ̀ lọ́dún òṣùpá yìí, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. O mọ̀ pé kò sí ìyá ìyàwó ní Bamgol tí àna rẹ̀ á wọlé tí kò ní pa adìyẹ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù lágbàlá. Gbogbo àdúgbò ló ń wo Kongi, tí wọ́n ń wò mí. Olórí abúlé ti bi mí bóyá kí òun bá mi pọ́n ọ̀bẹ.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ sí báńkì fún mi. Nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì mi kò ní sọnù mọ́, mo ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ìta. Adìyẹ ni mo fẹ́ rà, èyí tí wọ́n ti pa tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀. Èmi yìí, tí n kò ra adìyẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ọjà ọrún tó jìnnà ni mo máa lọ, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí, màá sì fi gèlè bo ojú. Má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Bamgol.

Kí ọ̀nà yín là, kí ọwọ́ yín má ṣe ṣófo, kí Dasol dàgbà jù mí lọ. Bí ẹ bá dé, jẹ́ kó kọ́kọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kó lè rí Kongi kó tó rí ìkòkò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bong Sunnye