Ìsọ̀ Ìyá Wahab tí Kọ̀ǹpútà Ní Kò Lẹ́ni

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Mọ́ṣáláṣí,
Rumuibekwe,
Port Harcourt,
Ìpínlẹ̀ Rivers.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 1992.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá,
Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà,
Ìgbìmọ̀ Àmójútó Ọjà Ìlú,
Port Harcourt.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ ṢÍ ÌSỌ̀ MI TÍ Ẹ TÌ PA

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù ni mo ń tà fún àwọn télọ̀ ní ọjà yín. Wọ́n ní Yorùbá ni yín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí ní èdè kan ṣoṣo tí mo lè kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ yín fi àgádágodo sí ìsọ̀ mi. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà sọ pé ìsọ̀ náà kò lẹ́ni, pé ẹlòmíràn ni wọn yóò fún ní ìparí oṣù yìí. Opó ni mí. Ibẹ̀ ni èmi àti Àdíját ọmọ mi ti ń jẹun, gbogbo ọjà mi ló sì wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo gba ìsọ̀ yìí, akọ̀wé ọjà kò bi mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Orúkọ tí gbogbo ọjà ń pè mí ló kọ: Ìyá Wahab. Wahab ni àkọ́bí mi. Ibà gbé e lọ nígbà tó ń múra àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó tún fi orúkọ yẹn pè mí. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ìyá Àdíját ni mo dà, kódà lẹ́nu àwọn ará Ikwerre tí a jọ ń tajà.

Nígbà tí ẹ̀ka yín wá fi orúkọ inú kọ̀ǹpútà wá onísọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ti lọ kírun ọ̀sán. Wọ́n dúró níwájú ìsọ̀ mi, wọ́n béèrè Ìyá Wahab. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí wo ojú ara wọn. Falilat, tó ń ta gèlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló dá wọn lóhùn pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kò fẹ́ kí n dé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ náà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mi ò lè bínú sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ yín kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lọ.

Mo tọ Ọ̀gbẹ́ni Dagogo, alábòójútó ọjà, lọ. Ó mọ̀ mí, ó sì mọ Wahab dáadáa. Bọ́ọ̀lù ọmọ náà kì í yé já wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Madam, I sabi you well well, but na wetin computer talk we dey follow." Ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni wọ́n ń tẹ̀lé. Mo wá sí ẹ̀ka yín. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ náà ní bí ó bá jẹ́ pé èmi ni Ìyá Wahab lóòótọ́, kí n mú Wahab wá pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀.  Mo yíjú padà sílé. Wọ́n ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lójú, àwọn tó lójú sì ní àwọn kò lè sọ ohun tí kọ̀ǹpútà kò bá sọ.

Ọ̀gá wa, ó ti sú mi. Mi ò ní kí ẹ ju ẹ̀rọ náà nù. Ẹ kàn rán ẹnì kan wá bi ọjà léèrè mi, kí ẹ sì fi Àsàmáù Ọlápàdé sí ibi tí orúkọ yẹn wà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ ní kí n wá síwájú kọ̀ǹpútà, kí ẹ pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màá dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi pè mí mọ́.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀ yín.

Èmi ni tiyín tó ń retí yín,

Àsàmáù Ọlápàdé,
Olówùú ìránṣọ,
Ìyá Wahab.